Ọkọ̀ Iṣẹ́ àti Ọkọ̀ Afẹ́: Èwo Ló Yẹ Kí Á Fi Owó Wa Rà?

  A kí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Kuje, Gwagwalada, Kwali, Abaji àti Bwari kú ẹrẹ̀, nítorí àwa tí à ń gbé ní Garki àti Wuse kò mọ ohun tí ojú yín ń rí.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàrin ọkọ àti aya, tó sì ń mú kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì ó máa wo ara wọn ní gbòǹgbò lẹ́yìn ìpàdé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó ti tó ìgbà mélòó kan báyìí tí a ti ń jíròrò pé kí ẹgbẹ́ ra píkọ́ọ̀pù kan tí a ó máa fi ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú wa ń ra ti ara wọn. Ìbéèrè kan náà ló sì ń yọjú níbi méjèèjì. Ọkọ̀ méjì wà níwájú wa, ọdún wọn bára mu, ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ọ̀kan ní ohun tó ń fà á jáde nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n kò dán. Èkejì ń dán bí awo tuntun, rímù rẹ̀ tóbi, bọ́ńpà rẹ̀ ń kọ mànà, ṣùgbọ́n tó bá dé ojú ẹrẹ̀, àwa èrò inú rẹ̀ ni a ó sọ̀ kalẹ̀ tì í. Èwo ni kí á mú?

Ó lè dà bí ẹni pé ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pe gbogbo ọkọ̀ tó bá ga nílẹ̀ ní fọ́-báì-fọ́. Gíga kọ́ ni fọ́-báì-fọ́. Fọ́-báì-fọ́ ni ọkọ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì lè dé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó sì sábà máa ń ní jíà kékeré kan lọ́tọ̀ tí a fi ń rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára ńlá. Síbẹ̀, èyí nìkan kò tó. Bí ẹsẹ̀ kan bá bọ́ sínú kòtò tí èkejì rẹ̀ sì wà lókè, ọ̀nà tó rọrùn ni agbára ẹ́ńjìnnì máa ń wá, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ tí kò kan ilẹ̀ dáadáa yí lásán, ọkọ̀ kò ní kúrò lójú kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe é fi fi títì sí àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ kan, pé bí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì, ẹsẹ̀ méjèèjì yóò máa yí pọ̀ bí ẹni pé a so wọ́n mọ́ra. Ohun mìíràn tún ni táyà. Táyà tó ga tó sì nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń gba òkúta mọ́ra. Táyà pẹlẹbẹ tó wà lára rímù ńlá a máa wu ojú, ṣùgbọ́n kòtò kan péré tó láti tẹ rímù náà. Irin ìtẹ̀sẹ̀ tí wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńkọ́? Bó bá wà nísàlẹ̀ jù, òun ni yóò kọ́kọ́ fẹnu ko òkìtì.

Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wá láti Amẹ́ríkà mọ Toyota Tacoma dáadáa. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 2005 sí 2023, oríṣi méjì kan wà tí orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, TRD Sport àti TRD Off-Road. TRD Off-Road ló ní títì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí a sọ yẹn. TRD Sport kò ní in, ṣùgbọ́n ó ní ihò ńlá kan lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó dà bíi pé ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Ẹ́ńjìnnì kò fi mí. Ihò náà dí nínú. Ẹwà lásán ni wọ́n gbé e síbẹ̀ fún. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní PreRunner, tó ga bí fọ́-báì-fọ́ láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni agbára ń dé. Àwọn Toyota kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni o, ohun gbogbo ló wà nínú ìwé ọkọ̀ náà. Ìgbà tí ọkọ̀ bá di tòkúnbọ̀ tí ìwé rẹ̀ sì ti sọnù, tí alágbàtà dúró tì í lẹ́bàá ọ̀nà tó ń sọ pé "Ààfáà, ẹ wo bó ṣe ga, fọ́-báì-fọ́ ni!", ìgbà yẹn ni irọ́ wọlé.

Iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe píkọ́ọ̀pù fún. Àwọn àgbà wa rántí Peugeot 504 oníkẹ́ẹ̀kù, tí ilé iṣẹ́ PAN tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975 ń kó jáde. Iṣu ló ń kó, ewúrẹ́ ló ń kó, aga ìnáwó ló ń kó. Ta ló bèèrè bóyá ó rẹwà? Hilux tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Japan, ọdún 1979 sì ni fọ́-báì-fọ́ rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1987, orí irú píkọ́ọ̀pù Toyota bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Chad wà tí wọ́n fi lé àwọn ọmọ ogun Líbíà nínú aṣálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Líbíà ní ọkọ̀ ogun onírin, débi pé Ogun Toyota ni àwọn òyìnbó sọ ogun náà. Ọkọ̀ àgbẹ̀ ni o. Nígbà tó yá ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó àwọn ẹ̀ṣọ́ tẹ̀lé àwọn ènìyàn ńlá. Ní Àbújá níbí, ọkọ̀ àgbẹ̀ wá di ọkọ̀ agbára lójú aráyé, ẹni tí kò ní oko kankan náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọkọ̀ ó rẹwà? Àwọn kan nínú wa máa ń fi ojú ẹ̀sìn wo ọ̀rọ̀ yìí, wọn a ní ohun tó bá ti ń dán, ṣekárími ni. A kò gbà fún wọn. Ẹ ṣí Súrà An-Náhl, ẹ wo ẹsẹ 5 dé ẹsẹ 8. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun Ọba ti ń ka oore tó wà lára ẹran ọ̀sìn fún wa. Kó tó di pé Ó mẹ́nu kan ẹrù tí wọ́n ń bá wa rù dé ìlú tí a kò lè dé láìfi wàhálà dé e, Ó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe máa ń rẹwà lójú wa nígbà tí wọ́n bá ń wọlé bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àti nígbà tí wọ́n bá ń jáde lọ ní òwúrọ̀. Nígbà tó kan ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, gígùn àti ọ̀ṣọ́ ni Ó sọ pọ̀. Kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ bí ohun ìtìjú. Hádísì tó wà lọ́dọ̀ Múslímù náà tún là á yé wa: nígbà tí wọ́n bi Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nípa ẹni tó fẹ́ràn kí aṣọ àti bàtà òun dára, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìyẹn kọ́ ni ìgbéraga. Kíkọ òtítọ́ àti fífi ojú tín-ín-rín ènìyàn ni ìgbéraga.

Àwa Yorùbá pàápàá kò ṣe àjèjì sí i. Ẹni tó bá ti dé Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, tó rí àwọn ẹṣin tí àwọn ìdílé Balógun ń gùn lọ sí Ojúde Ọba, pẹ̀lú gbogbo awọ àti ìlẹ̀kẹ̀ tó ń kọ mànà lára wọn, mọ̀ pé ẹwà náà jẹ́ iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ẹṣin yẹn lọ ru ẹrù. Kò sì sí ẹni tó ń parọ́ pé ó ń ru ẹrù. Ọ̀ṣọ́ ni, gbogbo ayé mọ̀ pé ọ̀ṣọ́ ni, inú ọba dùn, inú ará ìlú dùn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bí ọ̀ṣọ́ bá pe ara rẹ̀ ní ọ̀ṣọ́, kò sí ìjà. Ìjà wà nígbà tí ọ̀ṣọ́ bá pe ara rẹ̀ ní agbára. Ẹ rántí hádísì tí Bùhárì àti Múslímù gbà wá, nípa ẹni tó ń fi ohun tí wọn kò fún un ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, tí Ànábì fi í wé ẹni tó wọ aṣọ irọ́ méjì. Sítíkà "4x4" tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń fà, aṣọ wo la ó pè é?

Ẹ má rò pé irọ́ ọkọ̀ kì í pa ènìyàn. Ẹ wo ọ̀pá dúdú tí àwọn kan máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ dígí iwájú, tó lọ sókè dé orí òrùlé ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ́ńjìnnì máa fa afẹ́fẹ́ láti òkè nígbà tí ọkọ̀ bá ń la omi kọjá, kí omi má baà wọnú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ so mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, kí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ sì dí pinpin. Àwọn kan wà lójú títì báyìí tí kò so mọ́ nǹkan kan. Ṣùkúrù mélòó kan ni wọ́n fi kàn án mọ́ ara ọkọ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó kàn án kò mọ̀. Ní ọdún 2021 àti ní ọdún 2023, omi bo Trademore Estate ní Lugbe, gbogbo wa la gbọ́ nípa ẹ̀mí àti dúkìá tó bá a lọ. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá dé, tí ẹni tí a ń wí yìí wo ọ̀pá náà tó sì sọ pé "Bísímílláhì, ọkọ̀ mi lè là á", tó wọ inú omi pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ẹ́ńjìnnì yóò mu omi, yóò kú láàrin odò. Ẹni tó kan ọ̀pá náà lè ti wà ní Kano nígbà yẹn, tó ń jẹun. Ṣé ọrùn rẹ̀ mọ́? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń tà, kó sọ ohun tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ fún ẹni tó ń rà kó tó gba owó.

Ẹ jẹ́ kí á yí ọ̀rọ̀ náà padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ ẹrẹ̀ ti ń mi orí, ẹ̀ ń rò pé a ti dá yín láre. Ó kù díẹ̀. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí olú ìlú ti kúrò ní Èkó wá síbí, títì ọlọ́dà ti gba àárín ìlú yìí kan. Ẹni tó ń gbé ní Kubwa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹ̀kìtéríàtì, tí mọ́sáláṣí rẹ̀ àti ọjà rẹ̀ wà lójú ọ̀dà, tó wá ra píkọ́ọ̀pù tó ní títì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, táyà ẹrẹ̀ tó ń pariwo lójú ọ̀nà, àti irin ìfàyọ níwájú, kí ló rà? Ọ̀ṣọ́ ló rà. Agbára tí ẹnì kan kò ní lò láyé ọkọ̀ náà kò yàtọ̀ sí ihò tí kò gba afẹ́fẹ́. Ó tilẹ̀ tún ń ná an lówó ju ihò lọ, nítorí irin tó pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ wúwo, ó sì ń mu epo, gbogbo wa la sì mọ iye tí epo di láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀. Lójú ọ̀dà gbígbẹ, wọn kì í tilẹ̀ gbà pé kí á fi fọ́-báì-fọ́ Hilux sí iṣẹ́, nítorí yóò máa ba ara rẹ̀ jẹ́ nígbà tó bá ń kọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì ran búréèkì lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń fa ọkọ̀ kò ní kó tètè dúró.

Nítorí náà, a kò lè wo ọkọ̀ lásán kí á sọ pé èyí jẹ́ ti iṣẹ́, èyí jẹ́ ti afẹ́. Ọ̀nà tí olúwa rẹ̀ ń tọ̀ àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ la ó wò. Ọkọ̀ kan náà tó jẹ́ afẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ní Maitama jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ ra iṣu ní abúlé tó wà lẹ́yìn Abaji ní oṣù Kẹsàn-án.

Ẹnì kan yóò wí pé: "Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni mò ń lọ sí abúlé àwọn àna mi, ọ̀nà ibẹ̀ burú." Ìyẹn náà tó o. Ẹni tó mọ ibi tí ọ̀nà òun ti burú mọ ohun tó ń rà. Ẹni tó ní "bóyá lọ́jọ́ kan" là ń bá wí.

Àwáwí kan tún wà tí a kò lè fojú fò dá, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn kọngiráátọ̀ inú wa máa ń sọ pé ní Àbújá, ọkọ̀ ni aṣọ. Bí o bá gbé ọkọ̀ tó dọ̀tí dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ kan, ẹ̀ṣọ́ yóò ní kí o lọ dúró lábẹ́ igi. Bí o bá gbé èyí tó ń dán dé, géètì yóò ṣí kí o tó fọn fèrè. Òótọ́ ni, ojú wa ti rí i. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó wọlé kò lè gba iṣẹ́, ẹni tí kò gba iṣẹ́ kò lè san owó ilé ìwé ọmọ. A kò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí pé ó fẹ́ kí ọkọ̀ òun mọ́, kó sì dára. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ẹ̀ṣọ́ géètì ní irú ìwà yẹn? Àwa ni. Ìgbà tí ayẹyẹ bá dé nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ṣé kì í ṣe ọkọ̀ ńlá là ń wá ààyè fún lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí, tí a ń sọ fún oní-Golf pé kó lọ gbé tirẹ̀ sí ẹ̀yìn ọjà? Ọmọ kékeré tó dúró tì wá ń wò wá. Ẹ̀ṣọ́ géètì ọ̀la nìyẹn.

Ohun tó tún ń dùn wá jù ni ọkọ̀ tó rẹwà débi pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. A ti rí píkọ́ọ̀pù tí olówó rẹ̀ fi ìbòrí bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí kò jẹ́ kí wọ́n gbé àpò gàrí sí i nítorí kí ọ̀dà má baà họ. Aládùúgbò ń kó ilé, ó ń wò ó láti ojú fèrèsé. Àwọn Gbàgyí tí a bá lórí ilẹ̀ yìí, tí wọ́n fún àwọn bàbá wa ní àyè kí Àbújá tó di Àbújá, ṣì ń ru igi lórí èjìká gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọjá, ẹ̀yìn ọkọ̀ wa ṣófo, a sì ń bu eruku lù wọ́n. Irú ọkọ̀ yẹn, àwa là ń sìn ín. Bí ó bá họ, àárẹ̀ á mú wa. Bí òjò bá pa á, a ó dìde lóru. Àwọn bàbá wa tó ń gun bọ́lẹ́kájà mọ̀ ju èyí lọ. Pákó rẹ̀ a máa ní àwòrán kìnnìún àti òdòdó àti àdúà tí wọ́n kọ ní àwọ̀ mẹ́ta, kò sí ibi tí ọ̀dà kò dé, kòkó àti ènìyàn sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹwà rẹ̀ kò dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó wá ku ọkọ̀ ẹgbẹ́. Àwọn tó fẹ́ èyí tó ń dán ní àwíjàre tiwọn: wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ yòókù yóò bọ̀wọ̀ fún wa bí a bá gbé e lọ sí Wólímọ̀ àti Mọ́lúdì. Àwa fara mọ́ èyí tí kò dán. Ìdí ẹ̀ ni pé owó yìí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ ra ihò bọ́nẹ́ẹ̀tì, òun àti Ọlọ́hun rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n owó tí ìyá oníwàrà ní Nyanya ń yọ nínú èrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àmánà ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti lọ sókè débi pé ohun tí a ń fi kún un nítorí rímù àti bọ́ńpà tó ń dán lè ra táyà tuntun mẹ́rin. Iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe sì hàn kedere: kíkó ìrẹsì àti epo fún àwọn opó wa tó wà káàkiri àwọn abúlé Kuje àti Kwali, àti gbígbé aláìsàn jáde níbi tí takisí kò lè dé lásìkò òjò. Fọ́-báì-fọ́ onílẹ̀kùn mẹ́rin, tó ní jíà kékeré, tí rímù rẹ̀ jẹ́ irin lásán, ni iṣẹ́ náà ń bèèrè.

Ibì kan wà tí àwa tí a fẹ́ èyí tí kò dán yóò ti gba ti àwọn ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọkọ̀ náà ni a ó máa fi gbé òkú wa lọ sí itẹ́ ní Gudu. A kò lè gbé bàbá ẹnì kan sórí irin tó ti dípẹtà, tí ìyẹ̀ adìẹ àti eruku sìmẹ́ńtì ṣì wà lára rẹ̀. Fún ìdí èyí, ó yẹ kí á fi owó ra ìbòrí tó dára fún ẹ̀yìn rẹ̀, kí á tẹ́ pákó tó mọ́ sí i, kí a sì máa fọ̀ ọ́ lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ṣekárími. Òkú kò ní mọ̀ bóyá rímù ń dán, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rí i bí a bá gbé e pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tàbí láìsí ọ̀wọ̀.

Kí ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ lọ wo ọkọ̀ mú mẹkáníìkì kan láti Apo dání, ẹni tí kò mọ alágbàtà náà rí. Kí mẹkáníìkì náà wọ abẹ́ ọkọ̀, kó wò ó bóyá irin tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ iwájú wà níbẹ̀. Bí alágbàtà bá gbà, kí wọ́n gbé e kúrò lójú ọ̀dà lọ sí ibi tí iyanrìn wà, kí wọ́n fi í sí jíà kékeré, kí wọ́n wò ó bóyá yóò wọlé. Bí ó bá kọ̀, tàbí tó ní iná pupa kan tó tàn tí kò fẹ́ kú, kí wọ́n kí alágbàtà pé ó dàbọ̀, kí wọ́n sì dá owó padà sí báńkì títí di ìpàdé tó ń bọ̀.